Kíka Átọ́ọ̀mù ní Apá Méjèèjì: Bí Akẹ́kọ̀ọ́ Ṣe Lè Mú Ìdọ́gba Kẹ́míkà Gún

Ìdọ́gba kẹ́míkà ni àkọsílẹ̀ kúkúrú tí àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì fi ń ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí èròjà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá yí padà di èròjà mìíràn, tí wọ́n sì tún fi ń sọ iye tó wọlé àti iye tó jáde. Apá òsì ni èròjà àkọ́bẹ̀rẹ̀ máa ń wà, ìyẹn àwọn ohun tí wọ́n pò pọ̀ tàbí tí wọ́n gbé ka iná. Apá ọ̀tún ni èròjà àbájáde máa ń wà, ìyẹn ohun tó ṣẹ́kù tàbí tó fẹ́ lọ bí gáàsì lẹ́yìn tí ìyípadà bá parí. Ọfà tó wà láàárín wọn ló ń tọ́ka sí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Níwọ̀n ìgbà tí iye átọ́ọ̀mù ẹ́límẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan lápá òsì kò bá tíì bá ti apá ọ̀tún mu, àkọsílẹ̀ náà kò tíì gún, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ìdánwò WAEC tàbí NECO kò lè retí máàkì tó pé, bó ti wù kí orúkọ àwọn èròjà inú rẹ̀ tọ̀nà tó.

Ẹ́límẹ́ǹtì ni ohun tí kò ṣeé tú sí ohun mìíràn tó rọrùn jù ú lọ nípasẹ̀ ìyípadà kẹ́míkà, bí irin, bàbà, kábọ́ọ̀nù àti ọ́síjìn. Átọ́ọ̀mù ni ẹyọ tó kéré jù lọ nínú ẹ́límẹ́ǹtì tó ṣì ń jẹ́ orúkọ náà. Mólékù sì ni átọ́ọ̀mù méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí wọ́n so mọ́ra. Lẹ́tà kan tàbí méjì ló ń dúró fún átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí Jöns Jacob Berzelius, ọmọ ilẹ̀ Swídìn, ṣe gbé ètò náà kalẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1813, tí gbogbo ayé sì ń lò ó títí dòní: H ni háídrójìn, O ni ọ́síjìn, Fe ni irin, Na ni sódíọ̀mù. Bí wọ́n bá to àwọn lẹ́tà yìí pọ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà kéékèèké ní ẹsẹ̀ wọn, fọ́múlà ni wọ́n ń pè é, òun ló sì ń sọ irú átọ́ọ̀mù tó wà nínú èròjà kan àti iye ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Àpẹẹrẹ kan láti ìsọ̀ jórinjórin

Ìsọ̀ jórinjórin dára fún àpẹẹrẹ àkọ́kọ́, nítorí pé ohun tí ìwé ń sọ hàn níbẹ̀ kedere. Òkúta eléérú tí wọ́n ń pè ní kábáàdì, tí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé kẹ́mísírì ń jẹ́ kálísíọ̀mù kábáàdì, ni àwọn oníṣẹ́ náà ń kó sínú àgbá onírin tí omi wà nínú rẹ̀. Kò ní pẹ́ tí omi yóò fi máa hó, tí ara àgbá yóò gbóná, tí òórùn kan tó ń gún ni nímú yóò sì gba gbogbo ìsọ̀ náà kan. Gáàsì tó ń jáde, tí wọ́n ń pè ní asẹ́tílíìnì, ló ń gba inú ọ̀pá rọ́bà lọ sí ẹnu tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń jó irin mọ́ irin, nígbà tí ẹrẹ̀ funfun kan, ìyẹn kálísíọ̀mù háídróksáìdì, ń kù sí ìsàlẹ̀ àgbá títí wọn yóò fi dà á nù. Kábáàdì yìí kan náà ni àwọn kan ń fi pamọ́ sáàárín ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti máńgòrò kí wọ́n lè tètè pọ́n, àṣà tí àjọ NAFDAC ti ń kìlọ̀ lé lórí tipẹ́tipẹ́ nítorí májèlé tó máa ń bá òkúta náà rìn. Ohun mẹ́rin ló wà nínú ìyípadà inú àgbá, méjì wọlé, méjì jáde, àkọsílẹ̀ wọn sì rí báyìí kí ẹnikẹ́ni tó ka átọ́ọ̀mù inú wọn:

CaC₂ + H₂O → Ca(OH)₂ + C₂H₂

Kíkà ló kàn, ẹ́límẹ́ǹtì kan tẹ̀lé òmíràn. Kálísíọ̀mù jẹ́ 1 lápá òsì, ó jẹ́ 1 lápá ọ̀tún. Kábọ́ọ̀nù jẹ́ 2 níhìn-ín, ó jẹ́ 2 lọ́hùn-ún. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ láti orí háídrójìn: 2 péré ló wà nínú omi lápá òsì, ṣùgbọ́n lápá ọ̀tún, nọ́ńbà 2 tó wà lẹ́yìn àkámọ́ ń sọ gbogbo ohun tó wà nínú àkámọ́ náà di ìlọ́po méjì, èyí tó mú kí Ca(OH)₂ ní háídrójìn 2, tí C₂H₂ sì fi 2 mìíràn lé e, ó di 4. Ọ́síjìn náà jẹ́ 1 lápá òsì, ó jẹ́ 2 lápá ọ̀tún. Omi nìkan lápá òsì ló ní háídrójìn àti ọ́síjìn, nítorí náà, omi ni ó yẹ kó pọ̀ sí i, nọ́ńbà 2 kan ṣoṣo níwájú rẹ̀ sì parí ẹjọ́ méjèèjì:

CaC₂ + 2H₂O → Ca(OH)₂ + C₂H₂

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ ẹ̀rí tó ju kíkà lọ lè fi ìwọ̀n wò ó. Bí kálísíọ̀mù bá wọ̀n 40, tí kábọ́ọ̀nù wọ̀n 12, tí ọ́síjìn wọ̀n 16, tí háídrójìn sì wọ̀n 1, gẹ́gẹ́ bí àtẹ ẹ́límẹ́ǹtì ṣe wí ní ìdíwọ̀n nọ́ńbà odidi, gíráàmù 64 kábáàdì àti gíráàmù 36 omi ló wọlé, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ 100. Gíráàmù 74 ẹrẹ̀ funfun àti gíráàmù 26 gáàsì ló jáde, àpapọ̀ tiwọn náà jẹ́ 100. Bí nọ́ńbà iwájú omi bá ṣì jẹ́ 1, 82 ni ì bá wọlé, tí 100 ì bá sì jáde, èyí tí kò sí ní ayé yìí.

Ìdí tí iye náà fi gbọ́dọ̀ bára mu

Òfin tó dúró lẹ́yìn gbogbo èyí ni pé ìyípadà kẹ́míkà kì í dá átọ́ọ̀mù, kì í sì í pa á run. Ó kàn ń tú ìsopọ̀ àtijọ́ palẹ̀ ni, ó sì ń da àwọn átọ́ọ̀mù náà pọ̀ lọ́nà tuntun. Nínú eré ayò, ihò 12 àti ọmọ ayò 48 ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, bó sì ti wù kí ọ̀ta jẹ ọ̀pẹ tó, ọmọ tó kù lójú ọpọ́n àti èyí tó wà lọ́wọ́ àwọn òṣèré kò ní ṣàì jẹ́ 48. Ibi tí wọ́n wà nìkan ló yí padà. Antoine Lavoisier, ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀ ní ọdún 1774, nígbà tó ti tánńganran mọ́ inú ìgò tó dí pinpin, tó sì gbé e ka iná títí díẹ̀ nínú rẹ̀ fi di lẹ́búlẹ́bú. Ìwọ̀n ìgò náà kò yẹ̀ rárá, àfi ìgbà tó ṣí i tí afẹ́fẹ́ rọ́ wọlé ni ìwọ̀n rẹ̀ tó lọ sókè, ó sì hàn gbangba pé apá kan nínú afẹ́fẹ́ inú ìgò ni tánńganran ti fà mọ́ra. Ó kọ òfin náà sínú ìwé ńlá rẹ̀ tó jáde ní 1789. Iṣẹ́ agbowó-orí fún ọba ni ọkùnrin yìí fi ń gbọ́ bùkátà, kò sì yani lẹ́nu pé ẹni tó mọ ìṣirò owó tó wọlé àti owó tó jáde dunjú ni ó mú irú ètò bẹ́ẹ̀ wọ inú kẹ́mísírì. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ owó-orí yẹn kan náà ni àwọn ọlọ́tẹ̀ tìtorí rẹ̀ bẹ́ ẹ lórí ní 1794.

Nọ́ńbà iwájú àti nọ́ńbà ẹsẹ̀

Oríṣi nọ́ńbà méjì ló wà nínú ìdọ́gba, ẹni tí kò bá sì yà wọ́n sọ́tọ̀ kò lè mú ìdọ́gba kankan gún lọ́nà tó tọ́. Nọ́ńbà ẹsẹ̀ ni èyí tó kéré tó wà nísàlẹ̀ lẹ́yìn lẹ́tà, bí 2 inú H₂O. Ó jẹ́ ti ìwà èròjà náà fúnra rẹ̀, ó ń sọ bí mólékù kan ṣe rí, kò sì sí ẹni tó láṣẹ láti fọwọ́ kàn án. Nọ́ńbà iwájú ni èyí tó tóbi tó ṣáájú fọ́múlà, bí 2 inú 2H₂O. Iye mólékù ni ó ń sọ, òun nìkan ṣoṣo sì ni akẹ́kọ̀ọ́ lè yí bó bá ń mú ìdọ́gba gún. Nọ́ńbà iwájú ń sọ gbogbo átọ́ọ̀mù inú fọ́múlà tó tẹ̀lé e di púpọ̀, kì í ṣe lẹ́tà àkọ́kọ́ nìkan, bẹ́ẹ̀ ni ibi tí kò bá sí nọ́ńbà kankan, 1 ni ó dúró fún.

Níbi tí háídrójìn ti ń jó nínú ọ́síjìn tó sì ń di omi, ìyẹn H₂ + O₂ → H₂O, ọ́síjìn jẹ́ 2 lápá òsì, ó jẹ́ 1 lápá ọ̀tún, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò sì fi 2 sí ẹsẹ̀ O inú omi kí ọ̀rọ̀ lè tán síbẹ̀. Òótọ́ ni pé kíkà yóò bára mu, ṣùgbọ́n H₂O₂ kì í ṣe omi mọ́. Oògùn ìfọgbẹ́ tó máa ń ru fòòfòò lójú egbò ni, ẹnikẹ́ni kò sì ní mu ún. Ọ̀nà tó tọ́ ni kí 2 wá síwájú omi, kí ọ́síjìn lè bára mu, kí 2 mìíràn sì wá síwájú háídrójìn láti tún èyí tí ìyẹn dà rú ṣe: 2H₂ + O₂ → 2H₂O. Ohun tó ya CO₂ tí ènìyàn ń mí síta sọ́tọ̀ kúrò lára CO tí ń pa àwọn tó sùn ti jẹnẹrétọ̀ nínú yàrá tó sé kò ju nọ́ńbà ẹsẹ̀ kan lọ.

Fọ́múlà ló ṣáájú

Ọ̀pọ̀ àṣìṣe tí wọ́n ń kà sí àìmọ ìdọ́gba ni ó jẹ́ àìmọ fọ́múlà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ àlùmíníọ̀mù ọ́ksáìdì ní AlO lè fi wákàtí kan mú un gún, yóò sì gún, síbẹ̀ kò sí irú èròjà bẹ́ẹ̀ tí ìbéèrè náà ń sọ. Ohun tó ń darí fọ́múlà ni agbára ìsopọ̀, ìyẹn iye ìsopọ̀ tí átọ́ọ̀mù kan tàbí ẹgbẹ́ átọ́ọ̀mù kan lè ṣe: háídrójìn, sódíọ̀mù, potásíọ̀mù, fàdákà àti kílórínì ní 1, ọ́síjìn, kálísíọ̀mù àti mágnísíọ̀mù ní 2, àlùmíníọ̀mù ní 3, irin lè ní 2 tàbí 3, bàbà sì lè ní 1 tàbí 2, ìdí nìyí tí ìbéèrè fi máa ń sọ èyí tí wọ́n ń fẹ́ gan-an. Nínú àwọn ẹgbẹ́, OH, NO₃ àti NH₄ ní 1, SO₄ àti CO₃ ní 2, PO₄ ní 3. Agbára ọ̀kan ni yóò di nọ́ńbà ẹsẹ̀ èkejì, lẹ́yìn èyí ni wọn yóò dín méjèèjì kù bí wọ́n bá ṣeé pín: àlùmíníọ̀mù tó ní 3 àti ọ́síjìn tó ní 2 bí Al₂O₃, nígbà tí mágnísíọ̀mù tó ní 2 àti ọ́síjìn tó ní 2 bí MgO lásán.

Ohun kejì tó yẹ kó wà lórí ahọ́n akẹ́kọ̀ọ́ ni àwọn ẹ́límẹ́ǹtì méje tí kì í dá rìn, tí wọ́n máa ń wà ní méjìméjì nígbà tí kò bá sí ẹ́límẹ́ǹtì mìíràn lára wọn: háídrójìn, nítrójìn, ọ́síjìn, fulórínì, kílórínì, brómínì àti áyódínì. Wọ́n gbọ́dọ̀ wọ inú ìdọ́gba bí H₂, N₂, O₂, F₂, Cl₂, Br₂ àti I₂. Ẹni tó bá kọ O dípò O₂ ti fi fọ́múlà sílẹ̀ láìṣe, kò sì sí nọ́ńbà iwájú tó lè gbà á.

Bí irin ṣe ń dípẹtà dára fún ìdánrawò níbí, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbójú kúrò lára omi tó máa ń so mọ́ ìpẹtà, tó sì kọ ọ́ ní Fe + O₂ → Fe₂O₃. Ọ́síjìn wà ní méjìméjì lápá òsì, ó wà ní mẹ́tamẹ́ta lápá ọ̀tún. Nọ́ńbà tó kéré jù lọ tí 2 àti 3 lè pín láìṣẹ́kù ni 6, nítorí náà, 3 yóò wà níwájú O₂, 2 yóò sì wà níwájú Fe₂O₃. Irin ti di 4 lápá ọ̀tún báyìí, 4 náà ni yóò sì wà níwájú Fe: 4Fe + 3O₂ → 2Fe₂O₃.

Ibi tó yẹ kí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀

Kò sí òfin tó ní kí ẹni kan bẹ̀rẹ̀ láti ibi báyìí, ṣùgbọ́n ètò kan wà tó ń dín làálàá kù, ó sì yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ rọ̀ mọ́ ọn títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi yá. Ẹ́límẹ́ǹtì tó bá fara hàn nínú èròjà kan péré ní apá kọ̀ọ̀kan ni kí wọ́n kọ́kọ́ mú bára mu, mẹ́táàlì ló sì sábà máa ń jẹ́. Háídrójìn àti ọ́síjìn ni kí wọ́n fi sẹ́yìn, nítorí pé wọ́n máa ń fọ́n káàkiri inú èròjà púpọ̀. Èyíkéyìí tó bá sì dá wà láìsí ẹ́límẹ́ǹtì mìíràn lára rẹ̀, bí O₂ tàbí Fe, ni kí ó kẹ́yìn gbogbo wọn, nítorí pé nọ́ńbà iwájú rẹ̀ lè yí láìda ẹlòmíràn rú. Ìdí tó kẹ́yìn yìí ló ṣe pàtàkì jù.

Gáàsì ìdáná tí wọ́n ń rà ní kílòkílò jẹ́ àdàlù èròjà méjì, propéènì àti bútéènì, jíjó méjèèjì sì fi bí ètò yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn. Ti propéènì nìyí: C₃H₈ + O₂ → CO₂ + H₂O. Kábọ́ọ̀nù jẹ́ 3 lápá òsì, nítorí náà, 3 yóò wà níwájú CO₂. Háídrójìn jẹ́ 8, omi kọ̀ọ̀kan sì gba 2, nítorí náà, 4 yóò wà níwájú H₂O. Ọ́síjìn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kà: 6 wà nínú 3CO₂, 4 wà nínú 4H₂O, àpapọ̀ wọn jẹ́ 10, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ sì ń wá ní méjìméjì, 5 ni yóò kájú rẹ̀.

C₃H₈ + 5O₂ → 3CO₂ + 4H₂O

Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ́síjìn yóò parí rẹ̀ náà, ṣùgbọ́n yóò ti pa nọ́ńbà rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó débẹ̀. Bútéènì ní ìdiwọ́ kékeré kan. Bí wọ́n bá tẹ̀lé ètò kan náà, C₄H₁₀ yóò bí 4CO₂ àti 5H₂O, ọ́síjìn lápá ọ̀tún yóò sì jẹ́ 8 àti 5, ìyẹn 13, nọ́ńbà tí kò ṣeé pín sí méjì. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má bẹ̀rù láti kọ 6½ síwájú O₂ fún ìgbà díẹ̀, nítorí pé ìṣirò ni nọ́ńbà yìí, kò túmọ̀ sí pé ẹnì kan la mólékù sí méjì. Lẹ́yìn náà, kí ó sọ gbogbo nọ́ńbà iwájú di ìlọ́po méjì, láìyọ ọ̀kankan sílẹ̀:

2C₄H₁₀ + 13O₂ → 8CO₂ + 10H₂O

Ó yẹ kí ojú dúró díẹ̀ lórí ohun tí àwọn nọ́ńbà yìí ń sọ nípa ilé ìdáná. Mólékù propéènì méjì nílò mólékù ọ́síjìn mẹ́wàá kí wọ́n tó lè jó tán pátápátá. Bí fèrèsé bá tì, tí afẹ́fẹ́ kò tó, tí ó sì jẹ́ mólékù ọ́síjìn méje péré ni ọwọ́ wọn tẹ̀, wọ́n lè jó lọ́nà mìíràn: 2C₃H₈ + 7O₂ → 6CO + 8H₂O. Ìdọ́gba yìí náà gún régé, kábọ́ọ̀nù jẹ́ 6, háídrójìn jẹ́ 16, ọ́síjìn jẹ́ 14 ní apá méjèèjì, ṣùgbọ́n CO tó bí jẹ́ gáàsì tí kò lóòórùn, tí kò láwọ̀, tó sì lè gbẹ̀mí ẹni tó bá sùn síbẹ̀. Bẹ́ńtíróòlù inú jẹnẹrétọ̀ kò yàtọ̀ sí èyí. Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ ka ìbéèrè dáadáa láti mọ̀ bóyá jíjó tó pé ni wọ́n ń wí tàbí jíjó aláìpé, nítorí pé èròjà àkọ́bẹ̀rẹ̀ kan náà lè bí ìdọ́gba méjì tó yàtọ̀, tí méjèèjì sì gún.

Ẹgbẹ́ átọ́ọ̀mù tí kì í tú

Bí ẹgbẹ́ bíi SO₄ tàbí OH bá wọlé láti apá òsì, tó sì jáde lápá ọ̀tún láìtú, kí akẹ́kọ̀ọ́ kà á bí ẹyọ kan, kí ó má ṣe máa ya ọ́síjìn inú rẹ̀ kà. Ilé-iṣẹ́ omi ẹ̀rọ ń lo àlùmíníọ̀mù sọ́fétì, tó jẹ́ irú álọ́ọ̀mù kan, pọ̀ mọ́ láìmù láti mú kí ìdọ̀tí inú omi odò wálẹ̀, nítorí pé àlùmíníọ̀mù háídróksáìdì tó ń jáde máa ń rí bí ògì dídì, ó sì ń gbá ìdọ̀tí mọ́ra bó ṣe ń rì lọ sísàlẹ̀. Al₂(SO₄)₃ + Ca(OH)₂ → Al(OH)₃ + CaSO₄ ń ba ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́rù lójú ìwé, ṣùgbọ́n ìgbésẹ̀ mẹ́ta péré ni: Al jẹ́ 2 lápá òsì, nítorí náà 2Al(OH)₃, SO₄ jẹ́ 3 lápá òsì, nítorí náà 3CaSO₄, Ca ti wá di 3 lápá ọ̀tún, nítorí náà 3Ca(OH)₂, bí wọ́n bá sì wo OH, 6 ni ní apá méjèèjì láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Al₂(SO₄)₃ + 3Ca(OH)₂ → 2Al(OH)₃ + 3CaSO₄

Ètò yìí kò ṣiṣẹ́ níbi tí ẹgbẹ́ náà bá ti tú. Nígbà tí iná bá kan sódà oníkéèkì, NaHCO₃ ń di Na₂CO₃, omi àti CO₂, apá kan lára CO₃ sì ti fọ́. Átọ́ọ̀mù ni kí wọ́n kà lọ́kọ̀ọ̀kan níbẹ̀, ìdáhùn sì ni 2NaHCO₃ → Na₂CO₃ + H₂O + CO₂.

Ìdọ́gba alágídí

Àwọn kan wà tí wíwò lásán kò ká. Bàbà nínú ásíìdì náítíríìkì tí wọ́n fi omi là ni èyí tó gbajúmọ̀ jù, nítorí pé nítrójìn bọ́ sí ibi méjì lápá ọ̀tún, ọ́síjìn sì bọ́ sí mẹ́ta. Álíjẹ́brà ni kí akẹ́kọ̀ọ́ lò: kí ó fi lẹ́tà kéékèèké dúró fún àwọn nọ́ńbà iwájú tí kò tíì mọ̀, aCu + bHNO₃ → cCu(NO₃)₂ + dNO + eH₂O, kí ó sì kọ ohun tí ẹ́límẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan ń béèrè. Bàbà sọ pé a = c; háídrójìn sọ pé b = 2e; nítrójìn sọ pé b = 2c + d; ọ́síjìn sọ pé 3b = 6c + d + e. Bí wọ́n bá sọ gbólóhùn ti nítrójìn di ìlọ́po mẹ́ta, 3b = 6c + 3d, bí wọ́n bá sì fi í wé ti ọ́síjìn, ohun tó ṣẹ́kù ni e = 2d; nítorí náà b = 4d, 2c sì jẹ́ 3d. Nọ́ńbà tó kéré jù lọ tí kò ní jẹ́ kí c di ààbọ̀ ni d = 2, gbogbo ìyókù sì tẹ̀lé e: c = 3, a = 3, b = 8, e = 4.

3Cu + 8HNO₃ → 3Cu(NO₃)₂ + 2NO + 4H₂O

Ọ̀nà yìí lágbára, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹni tó lè fojú wo ìdọ́gba omi kó sì mú un gún máa fi álíjẹ́brà ṣòfò àkókò nínú gbọ̀ngàn ìdánwò.

Níbi tí áyọ̀nù bá ti wọ̀ ọ́, ìyẹn átọ́ọ̀mù tàbí ẹgbẹ́ tó ti pàdánù ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tàbí tó ti gba kún un, kíka átọ́ọ̀mù nìkan kò tó mọ́. Àmì iná wọn náà gbọ́dọ̀ dọ́gba. Nígbà tí bàbà bá lé fàdákà jáde kúrò nínú omi, Cu + Ag⁺ → Cu²⁺ + Ag ń dà bí ohun tó ti gún, nítorí pé átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1 níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n +1 wà lápá òsì, +2 sì wà lápá ọ̀tún. Cu + 2Ag⁺ → Cu²⁺ + 2Ag ni èyí tó tọ̀nà. Àyẹ̀wò yìí kan náà ló wúlò fún ìdọ́gba potásíọ̀mù pamáńgánéètì àti irin tó wọ́pọ̀ nínú ìdánwò yàrá kẹ́mísírì, MnO₄⁻ + 5Fe²⁺ + 8H⁺ → Mn²⁺ + 5Fe³⁺ + 4H₂O, níbi tí àpapọ̀ àmì iná ti jẹ́ +17 ní apá méjèèjì.

Ohun tí ìdọ́gba kò lè sọ

Gígún ìdọ́gba kì í ṣe ẹ̀rí pé ohun tó wà nínú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀. Cu + 2HCl → CuCl₂ + H₂ gún láìkù síbì kan, síbẹ̀, bí wọ́n bá ju bàbà sínú ásíìdì háídrókílọ́ríìkì tí wọ́n fi omi là, kò sí ìfófòó kan tó máa jáde, nítorí pé bàbà kò lágbára tó láti lé háídrójìn kúrò. Bẹ́ẹ̀ ni ìdọ́gba kì í sọ bí ìyípadà ṣe ń yá tó, yálà ní ìṣẹ́jú àáyá bíi ti gáàsì ìdáná ni, tàbí ní oṣù púpọ̀ bíi ti irin tó ń dípẹtà. Ìmọ̀ nípa ìwà èròjà ni ó ń dáhùn ìyẹn, orí mìíràn nínú ìwé ni ó sì wà.

Ìdánrawò

Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọwọ́ bo ìpínrọ̀ tó kẹ́yìn, kí ó sì mú márùn-ún wọ̀nyí gún: èkíní, KClO₃ → KCl + O₂, èkejì, C₂H₂ + O₂ → CO₂ + H₂O, ìyẹn iná tọ́ọ̀ṣì jórinjórin fúnra rẹ̀, ẹ̀kẹta, Fe₂O₃ + CO → Fe + CO₂, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú iná ìléru tí wọ́n fi ń yọ irin lára òkúta, ẹ̀kẹrin, Ca(OH)₂ + H₃PO₄ → Ca₃(PO₄)₂ + H₂O, ẹ̀karùn-ún, Pb + PbO₂ + H₂SO₄ → PbSO₄ + H₂O, iṣẹ́ tí bátìrì ọkọ̀ ń ṣe bí ó bá ń fúnni ní iná.

Nọ́ńbà iwájú ti èkíní láti òsì sí ọ̀tún ni 2, 2, 3. Ti èkejì ni 2, 5, 4, 2, ẹni tó bá sì rí 2½ níwájú O₂ kí ó tó sọ ọ́ di ìlọ́po méjì kò ṣìnà. Ti ẹ̀kẹta ni 1, 3, 2, 3. Ọgbọ́n rẹ̀ ni pé CO kọ̀ọ̀kan ń gba ọ́síjìn 1 péré kí ó tó di CO₂, ọ́síjìn 3 inú òkúta náà sì nílò CO 3 tí yóò gbé wọn lọ. Ti ẹ̀kẹrin ni 3, 2, 1, 6, bí wọ́n bá ka PO₄ bí ẹyọ kan. Ẹ̀karùn-ún ni ó ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ, nítorí pé òjé wọlé láti ẹnu ọ̀nà méjì, Pb àti PbO₂, wọ́n sì máa ń gbàgbé láti ro méjèèjì pọ̀: òjé 2 lápá òsì béèrè 2PbSO₄, sọ́fétì 2 béèrè 2H₂SO₄, háídrójìn 4 béèrè 2H₂O, ọ́síjìn 2 inú PbO₂ sì rí ibi wọ̀ sí nínú omi méjèèjì, ìdáhùn náà di 1, 1, 2, 2, 2.